Ẹ má fi ajílẹ̀ kan lé èkejì kúrò nídìí igi eléso

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka lẹ́tà ẹnì kan tó ní kí àwa tá a ń gbin igi eléso jáwọ́ pátápátá nínú fàtíláísà oníkẹ́míkà, pé ajílẹ̀ ẹlẹ́mìí nìkan ti tó, ni mo bá ní kí n dá sí i, torí ọsàn ni mò ń gbìn lápá Ìbàdàn níbí, mo sì ti pàdánù ọmọ igi ọsàn rí torí irú ọ̀rọ̀ "eléyìí nìkan ti tó" yẹn.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, NPK 15-15-15 nìkan ni mo mọ̀, ìyẹn fàtíláísà oníkẹ́míkà tó ní oúnjẹ igi mẹ́ta nínú: náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtáṣíọ̀mù. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n bu ẹ̀kúnwọ́ kan sídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo bù ú, mo tún dà á mọ́ ara igi gan-an, òjò wá kọ̀ kò rọ̀, etí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ bíi pé iná rà á, kí n tó mọ̀ ọ̀pọ̀ ti kú. Iyọ̀ ni nǹkan yẹn o! Tó bá ti pọ̀ jù nídìí igi kékeré, kò ní jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà, èyí tí òjò bá sì gbé lọ, owó wa ló ṣàn lọ yẹn.

Ajílẹ̀ ẹlẹ́mìí ńkọ́? Kòkòrò tí ojú ò lè rí ni, àti àwọn ẹbí olú kan tí wọ́n ń pè ní mycorrhiza. Olú yìí á wọnú gbòǹgbò, á na okùn bí òwú síta, á máa bá igi wá omi àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì níbi tí gbòǹgbò fúnra ẹ̀ ò lè dé, igi náà á máa fún un ní ṣúgà. Ọsàn nílò ẹ̀ gan-an torí irun gbòǹgbò ẹ̀ ò pọ̀. Àwọn kòkòrò bíi Azotobacter náà wà tí wọ́n ń mú náítírójìn látinú afẹ́fẹ́, àmọ́ èyí tí wọ́n ń mú wá ò tó ti Rhizobium tó ń bá ẹ̀wà àti sóyà ṣiṣẹ́, Rhizobium ò sì bá ọsàn tàbí máńgòrò ṣe rárá, ẹni tó bá ra ti sóyà dà sídìí máńgòrò, owó ẹ̀ ló sọnù. Igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ga, tó wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dáko sí látọdúnmọ́dún, ebi á pa á tó bá jẹ́ kòkòrò nìkan ló gbójú lé.

Báyìí, ọjọ́ tí mo bá ń gbìn ín ni mo máa ń bu mycorrhiza sínú ihò kó kan gbòǹgbò, pẹ̀lú ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa, mi ò ní fi NPK kankan sí i. Ó di bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ewé tuntun ti yọ kí n tó bu NPK, ìdajì ohun tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta títí òjò fi máa lọ, máa fi yí igi ká lókèèrè, máa bò ó. Mi ò jẹ́ pò wọ́n pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà láéláé. Ìdí tí mo fi dín in kù rèé: tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá ti pọ̀ jù nínú ilẹ̀, igi ò ní wá olú yẹn mọ́, olú náà ò sì ní wọnú gbòǹgbò bó ṣe yẹ. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í nìyẹn, wọ́n á ra méjèèjì, wọ́n á fi ọ̀kan ba iṣẹ́ èkejì jẹ́. Nǹkan ẹlẹ́mìí sì ni o, inú oòrùn ni wọ́n ń pàtẹ ẹ̀ sí lọ́jà, ó ti kú kó tó délé wa!

Ẹ jọ̀ọ́ olóòtú, ẹ rán oníròyìn yín kan sí NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba lórí èso àti ẹ̀fọ́, ní Jericho níbí, kó bi wọ́n pé èló ni ká máa bù sídìí ọsàn ọlọ́dún kan, èló sídìí máńgòrò, kẹ́ ẹ wá kọ ọ́ ní Yorùbá, torí Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá ajílẹ̀, ìyá tí oko máńgòrò wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ò lè kà á.

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀ ọlọ́sàn, Ìbàdàn.