Àìní tẹlisíkóòpù ńlá kò ní kí a má wá gálásì

Sí Olóòtú,

Mo ka àròkọ tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú èyí tí òǹkọ̀wé yín ti sọ pé orílẹ̀-èdè tí kò ní tẹlisíkóòpù ńlá kò lè bá wọn ṣèwádìí ojú ọ̀run. N kò fara mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ àwọn gálásì (ìyẹn àgbájọ ńlá àwọn ìràwọ̀) tó fara pamọ́ sẹ́yìn gálásì tiwa ni mo sì fẹ́ fi ṣe ẹ̀rí.

Ìràwọ̀ tó ju bílíọ̀nù 100 lọ ló wà nínú gálásì wa, eruku tó wà láàárín wọn sì pọ̀ débi pé ó bo nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ojú ọ̀run mọ́ ẹni tó bá fi ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ó dà bíi pé àwọn gálásì yòókù ń sá fún apá ibẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwa ará Àbújá mọ̀ pé bí eruku ọyẹ́ bá bo Àpáta Aso, àpáta náà kò kúrò níbi tó wà.

Ìmọ́lẹ̀ infrared, tí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ń lò, ló la ọ̀nà náà. Ìgbì rẹ̀ gùn ju ti ìmọ́lẹ̀ tí a ń rí lọ, eruku àárín ìràwọ̀ sì kéré jọjọ, nítorí náà kò rọrùn fún un láti dá a dúró. Lọ́dún 1968, Paolo Maffei, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, kéde ohun méjì tó rí nínú fọ́tò infrared lápá ibi tí àwọn ìràwọ̀ Cassiopeia wà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn mìíràn fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé gálásì ni wọ́n. Bí kì í bá ṣe eruku, Maffei 1 ì bá wà lára àwọn gálásì tó mọ́lẹ̀ jù lójú ọ̀run wa.

Láàárín ọdún 1997 sí 2001, iṣẹ́ ìwádìí 2MASS ya gbogbo ojú ọ̀run ní infrared pẹ̀lú tẹlisíkóòpù méjì, ọ̀kan ní Arizona, èkejì ní ilẹ̀ Ṣílè. Dígí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju mítà 1.3 lọ, síbẹ̀ gálásì tí wọ́n kọ sílẹ̀ ju mílíọ̀nù kan lọ. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fún ará Zaria gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà fún ará Amẹ́ríkà. Ibi tí ìràwọ̀ tiwa ti ki jù, tí infrared fúnra rẹ̀ kò ti tó, ìgbì rédíò ló ń parí iṣẹ́: lọ́dún 2016, àwọn tó lo tẹlisíkóòpù Parkes ní Ọsirélíà kéde gálásì 883, tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta wọn rí. Ìhà kan náà yẹn ni Great Attractor wà, ìyẹn agbègbè kan lójú ọ̀run tí òòfà rẹ̀ ń fa gálásì wa àti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ó ń yọ sí àwa ará Àbújá ní ìhà gúúsù ojú ọ̀run. Kì í yọ sí ará Lọ́ńdọ̀nù rárá.

Mo bẹ àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ físíìsì ní Yunifásítì Àbújá àti ti Ahmadu Bello pé kí wọ́n fi àkójọ 2MASS ṣe iṣẹ́ àṣeparí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Kọ̀ǹpútà, iná tó dúró ṣinṣin àti olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n ni wọ́n nílò, kí ìjọba sì pèsè ìwọ̀nyí ná kí ó tó sọ̀rọ̀ tẹlisíkóòpù.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Kubwa, Àbújá.