Lẹ́tà sí Màámi: taya ni, kì í ṣe Ìyá Fẹ́mi

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Mo mọ̀ pé ẹ kì í wo Facebook, Táyọ̀ ni yóò ka èyí sí yín létí. Ẹ máa ní kí ló dé tí n kò fi pè yín, tí mo wá ń kọ ọ̀rọ̀ ilé síta. Ìta ló kúkú wà tẹ́lẹ̀. Níwájú gbogbo ìjọ ni wòlíì ti ní obìnrin pupa kan tó ń ta epo nínú agbo ilé wa ló dojú ọkọ̀ mi dé, kò sì sí ẹni tó jókòó níbẹ̀ tí kò mọ ẹni tó ń bá wí.

Màámi, ọwọ́ Ìyá Fẹ́mi mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni.

Ní ìparí ọdún 2017, taya ẹ̀yìn ọkọ̀ mi méjèèjì ti jẹ tán. Mo lọ sí Àpò, ládùúgbò àwọn mẹkáníìkì ní Àbújá níbí, wọ́n ní taya tuntun jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà, ẹyọ kan. Tòkunbọ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́fà. Mo ra tòkunbọ̀ méjì. Ẹ má rò pé owó ni ò sí o. Oṣù yẹn gan-an ni mo ra fóònù tí mo fi ya yín ní fọ́tò nígbà Kérésì.

Málàmù tó bá mi wọ̀ ọ́, àgbàlagbà Haúsá kan, kò tíì fẹ́ atẹ́gùn sí i tó fi dáwọ́ dúró. Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ taya náà wọnú, ó wá fi èékánná àtàǹpàkò tọ àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó sán lára rẹ̀, bí ilẹ̀ tí òjò ti pa tì. Ó ní, "Oga, tayar nan ta tsufa." Ó ti gbó, ohun tó ń wí nìyẹn. Mo ní kó máa wọ̀ ọ́ lọ, ṣebí ó ṣì ń dán. Nǹkan ni wọ́n máa ń fi pa taya àlòkù lára tó fi ń dán bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀, mo kàn ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ni.

Kì í sì í ṣe pé n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Lóṣù kẹta ọdún 2016, taya ló bẹ́ lọ́nà Kàdúná sí Àbújá tí James Ocholi, mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, fi kú, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Odidi ọ̀sẹ̀ kan la fi sọ ọ́ lọ́fíìsì. Èmi gan-an wà lára àwọn tó ń là wọ́n lóye nípa taya.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ọdún 2018 lèmi àti Táyọ̀ gbéra láti Kubwa. Bùútù kún: ìrẹsì, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ẹ ní kí n bá yín rà, òróró. Oòrùn oṣù kẹta lápá ibí yìí, ọ̀dà títì ń lẹ̀ mọ́ bàtà. A kọjá Gwagwalada, a kọjá Kwali. Òfin ní 100 kìlómítà ní wákàtí kan, èmi ń sá 140, torí mo fẹ́ wọ Ìkọ̀lé kílẹ̀ tó ṣú. Táyọ̀ wà lẹ́yìn, ó bi mí bóyá kí òun de bẹ́líìtì. Mo ní àwọn Road Safety kì í wo ẹ̀yìn.

Táyọ̀, má fo ibẹ̀ yẹn. Kà á fún wọn. Láti ọdún náà, o ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ó kù díẹ̀ ká dé Yangoji nígbà tí mo gbọ́ ìró bí ẹni fi àdá lu páànù. Taya ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì. Ìdí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kí n di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírí, kí n má fún un níná mọ́, kí eré fúnra rẹ̀ máa rọlẹ̀, ohun tó yẹ kí n ṣe nìyẹn. Búréèkì ni mo tẹ̀. Ọkọ̀ yí lẹ́ẹ̀mejì, ó da Táyọ̀ gba fèrèsé ẹ̀yìn bí ẹni da omi nù. Èmi tí mo de bẹ́líìtì, àyà dídùn àti ojú tí gíláàsì gé ni tèmi. Àwọn àgbẹ̀ tó ń bọ̀ lóko ló gbé wa. "Sannu, sannu" ni mo ń gbọ́. Ìrẹsì fọ́n ká etí títì.

Nígbà tí mo lọ kó ẹrù tó kù nínú ọkọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ síbi taya kejì, èyí tí kò bẹ́, ó fi ìka nu eruku lára nọ́ńbà mẹ́rin kan: 1109. Ó ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá ọdún 2009 ni wọ́n ṣe é. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọdún mẹ́rin ni taya ń lò. Tèmi ti di mẹ́sàn-án. Rọ́bà tó gbó, ẹrù, oòrùn, eré: ooru ló ṣí rọ́bà kúrò lára wáyà inú rẹ̀. N kò tíì kúrò níbẹ̀ tí ẹ fi pè mí pé wòlíì ti rí i. Mo ní, "Ẹ ṣé, Màámi."

"Ẹ ṣé" yẹn ni mo ń tọrọ àforíjì lé lórí ju taya lọ. Ó rọ̀ mí lọ́rùn. Bó bá ti jẹ́ iṣẹ́ ayé, ta ni yóò béèrè iye tí mo ra taya? Ẹ máa ń gbàdúrà pé ká má rìn lọ́jọ́ tébi ń pa ọ̀nà, èmi náà á ṣe àmín, mo sì mọ̀ pé ebi ò pa ọ̀nà kankan lọ́jọ́ náà.

Ọdún keje rè é tí ẹ ò ti gba omi mu lọ́wọ́ Ìyá Fẹ́mi. Wọ́n sìnkú ìyá wọn, ẹ ò yọjú. Lóṣù tó kọjá, wọ́n fi èlùbọ́ rán awakọ̀ kan sí mi ní gáréèjì Jabi. Wọ́n pè mí lálẹ́: "Ọmọ mi, ṣó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́? Mo jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì o, mo mọ̀ pé o kì í fẹ́ kó ní kókó." Àpò náà wà lórí fíríìjì mi, n kò tíì tú u.

Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Màá gbé èlùbọ́ náà bọ̀. Ẹnu ọ̀nà Ìyá Fẹ́mi ni màá ti kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí n tó wọ yàrá yín. Lẹ́yìn náà, Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó fún wa, kí ẹ bu òkèlè kan péré.

Èmi ni ọmọ yín,
Débọ̀