Ẹmu Kọ́ Ni Wọ́n Ń Tà Fún Wa Mọ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹmu kọ́ ni wọ́n ń tà fún wa ní àgọ́ ẹlẹ́mu mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde bí mo ṣe kọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà ká mi lára.

Ẹni tó bá gba yàrá sí hòtẹ́ẹ̀lì ní agbègbè Èkìtì lópin ọ̀sẹ̀, bóyá ó wá wo ibi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù ní Ìkọ́gòsì, bóyá omi tó ń já láti orí àpáta ní Arinta ló ń lọ wò, bó bá ti jẹ́ ẹni tó mọ adùn ẹmu, àgọ́ tó ti mọ̀ látijọ́ ló máa kọ́kọ́ béèrè. Àgọ́ ọ̀hún ṣì wà. Páànù ti rọ́pò ìmọ̀ ọ̀pẹ, àga onírọ́bà ti rọ́pò àpótí, ìyẹn ò bí ẹnikẹ́ni nínú. Ohun tí wọ́n gbé síwájú mi lọ́sẹ̀ tó kọjá ló bí mi nínú: ìgò tútù láti inú fìríìjì, ó funfun bí ẹmu, ó ń dùn bí oyin, aago mẹ́sàn-án alẹ́ sì ti lù. Ẹmu àárọ̀ wo ló ń dùn bí oyin ní aago mẹ́sàn-án alẹ́?

Ẹni tó mọ̀ ọ́n dá kò ní jiyàn rẹ̀. Adẹ́mu á fi igbà gun ọ̀pẹ, á gé ìdí òdòdó akọ, á ti ọ̀pá oparun tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ibẹ̀, á gbé agbè kọ́ ọ. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ó gbọ́dọ̀ padà gùn ún, kó fi ọ̀bẹ mímú bẹ́ ojú ọgbẹ́ náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí kò bá bẹ́ ẹ, ojú ọgbẹ́ á dí, ẹmu ò ní sun mọ́. Bó bá sì bẹ́ ẹ nípọn jù nítorí ojúkòkòrò, òdòdó á tán láìtọ́jọ́. Ti ògùrọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: orí igi níbi tó ti fẹ́ yọ òdòdó ni wọ́n ti ń dá a, igi náà á sì kú, nítorí ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń so láyé rẹ̀. Kí agbè tó kan ilẹ̀, ẹmu ti ń hó. Ìwúkàrà (yíìsì) ti ń jẹ ṣúgà inú rẹ̀, ó ń sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì. Ẹmu àárọ̀ á dùn láàárọ̀, á le lọ́sàn-án, bó bá fi máa di ọjọ́ kejì ó ti kan. Fìríìjì lè fà á sẹ́yìn díẹ̀, kò lè dá a dúró. Nítorí náà, ohun tí adùn rẹ̀ kò yí padà láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹmu kọ́. Omi àti sakarín, adùn àtọwọ́dá, ni wọ́n fi là á. Ìwúkàrà kò lè jẹ sakarín, ìdí nìyẹn tó fi ń dùn títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ẹ jẹ́ ká tilẹ̀ ṣe ìṣirò. Bí adẹ́mu bá gbé kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan wá láàárọ̀, tó tún gbé ọ̀kan wá nírọ̀lẹ́, lítà 50 nìyẹn, kò lè ju ìgò 66 lọ tí a bá ń lo ìgò sẹ̀ǹtílítà 75. Àgọ́ kan náà á ta fún àwọn ará abúlé, á ta fún àwọn onímọ́tò, á tún kó páálí lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n á máa tà á níbẹ̀ ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Tí wọ́n bá ta igba ìgò lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀pẹ wo ló sun ìyókù? Ẹ̀rọ omi ló sun ún.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ rèé. Ẹ bù ú sínú ife gíláàsì, ẹ gbé e kalẹ̀, ẹ má mì ín, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Ẹmu gidi á ṣì máa yọ ìfòfó wẹ́wẹ́ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, gẹ̀dẹ̀ funfun á sì máa rọ̀ sí ìdí ife. Ayédèrú kì í hó àyàfi tí wọ́n bá mì ín. Ìfòfó rẹ̀ á kú lójú ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ á wá rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Lẹ́yìn náà ẹ tọ́ ọ wò. Sakarín dùn ju ṣúgà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 300, èyí tí orí èékánná lè gbà ti tó wọn, àmọ́ kì í tètè kúrò lẹ́nu. Tí ẹ bá gbé e mì tán, tí adùn ṣì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ahọ́n, tó sì ń di kíkorò bí ẹni tó lá irin, wọ́n ti jí owó yín. Inú rírun tó máa ń tẹ̀lé e kò ṣẹ̀yìn omi tí wọ́n fi là á: wọn ò sè é, wọn ò sì sẹ́ ẹ.

Àwọn aláṣẹ ńkọ́? Lọ́dọọdún ni wọ́n ń gba owó ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ ẹlẹ́mu àti lọ́wọ́ hòtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n á gbé ìwé rìsíìtì wá, wọ́n á ka àga, wọ́n á jẹ àsun, ó di ọdún mìíràn. Wọ́n ń pariwo ìrìn-àjò afẹ́ lórí rédíò, wọn ò sì bu ife kan tọ́ wò kí wọ́n bi ẹlẹ́mu pé aago mélòó lo sọ èyí kalẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò gba owó. Kí wọ́n fi dandan lé e pé kí àgọ́ ẹlẹ́mu kọ̀ọ̀kan gbé pátákó dúdú kan síta, kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ohun mẹ́rin sí i: ẹmu ọ̀pẹ ni àbí ògùrọ̀, aago tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kẹ́ẹ̀gì mélòó ló wọlé, èló ni ìgò kan. Tí aago méjì ọ̀sán bá lù, kí wọ́n pa ti àárọ̀ rẹ́, kí èyí tó kù bọ́ sábẹ́ àkọlé “Ó ti le”, kí owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Àwọn àgbà wà tó jẹ́ pé èyí tó le gan-an ni wọ́n fẹ́, kò ní ṣòfò. Ti ìrọ̀lẹ́ á gba orí pátákó nígbà tó bá dé. Tó bá tán, kí wọ́n kọ “Ó tán” gàdàgbà. Kò sí ìtìjú kankan nínú kí ẹmu tán. Kí wọ́n má da ti àná mọ́ tòní, kí wọ́n sì fi omi gbígbóná fọ agbè lójoojúmọ́, nítorí gẹ̀dẹ̀ tó bá kù nídìí rẹ̀ ló ń mú kí ẹmu tuntun tètè kan. Kí ẹlẹ́mu sì pa ife kan mọ́ láti inú kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan di alẹ́, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè tọ́ ọ wò bóyá ó ń le sí i bí ẹmu ṣe ń ṣe.

Hòtẹ́ẹ̀lì tó bá fẹ́ ẹmu inú ìgò tó máa pẹ́, ọ̀nà wà. Iléeṣẹ́ ìwádìí FIIRO tó wà ní Òṣòdì ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ tipẹ́: ìgò tí wọ́n bá mú gbóná dé bíi 70°C fún ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwúkàrà inú rẹ̀ á kú, kò ní kan, ìgò kò sì ní bẹ́. Kí wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé sísè ni. Èyí tí wọn ò sè, kí wọ́n má dé e pinpin. Kì í ṣe lásán ni àwọn baba wa ń fi ewé dí ẹnu agbè, kí gáàsì lè ráyè jáde.

Ní Ìlú Ọba, nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ ọtí ńlá ń fi bíà oníkẹ́ẹ̀gì tí kò ní ìwúkàrà alààyè nínú mọ́ rọ́pò bíà inú àgbá láwọn ilé ọtí, àwọn tó ń mu ún ló dìde, wọ́n dá CAMRA, ẹgbẹ́ tó ń jà fún bíà gidi, sílẹ̀ lọ́dún 1971. Bíà inú àgbá ṣì wà láwọn ilé ọtí abúlé wọn títí dòní. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu ẹmu, ẹ má gba ìgò tí ẹ kò mọ aago rẹ̀.

Ó ku díẹ̀. Kí wọ́n dín ariwo ẹ̀rọ gbohùngbohùn kù. Kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí ibi tí èèyàn ti ń jẹun. Kí wọ́n ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní omi. Àsun náà, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n: orí ẹyin iná igi ni wọ́n ti ń yan ewúrẹ́ títí ọ̀rá á fi máa kán sínú iná, kí wọ́n tó gé e wẹ́wẹ́, kí wọ́n fi ata rodo àti àlùbọ́sà pò ó. Èyí tí wọ́n sè láàárọ̀ tí wọ́n wá dín nínú òróró nígbà tí oníbàárà dé, kí wọ́n wá orúkọ mìíràn fún un.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Àkúrẹ́