Àkọ́sórí kò lè gbani níṣẹ́ agbaninímọ̀ràn

Olóòtú wa,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń múra akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sílẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn, ìyẹn iṣẹ́ gbígba àwọn iléeṣẹ́ nímọ̀ràn lórí òwò wọn, pé àkọ́sórí ń pa àwọn ọmọ náà lára. Ó ń dùn wá gan-an.

Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, ìṣòro iléeṣẹ́ kan ni wọ́n máa ń gbé síwájú akẹ́kọ̀ọ́ pé kó yanjú. Ká ní èrè ló ń dínkù, kó kọ́kọ́ bèèrè: láti ìgbà wo? Ẹ̀ka wo? Kó wá tọrọ ìṣẹ́jú 1 tàbí 2, kó pín ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé. Owó tó ń wọlé: iye ọjà tí wọ́n tà, ní ìlọ́po owó ọjà kan. Owó tó ń jáde: èyí tó ń pọ̀ bí ọjà ṣe ń pọ̀, àti èyí tí kì í yí padà. Ẹni tó bá kàn da àtẹ ìpín kan náà tó ti kọ́ sórí bo gbogbo ìbéèrè, wọ́n á tètè mọ̀.

Nínú ìṣirò, òdo ló sábà máa ń sọnù. Fún 15% mílíọ̀nù 80, kó wá 10%, ìyẹn mílíọ̀nù 8. Kó fi ìdajì rẹ̀ kún un, ó di mílíọ̀nù 12. Kó máa sọ ọ́ sókè bó ṣe ń ṣe é, kí olùbéèrè lè tètè rí ibi tó ti ṣì í.

Fún ìdánrawò, ẹ pín wọn ní méjì-méjì. Kí ẹnì kan di nọ́ḿbà inú ìṣòro náà mú, kó má sọ ọ́ àfi bí ẹnì kejì bá béèrè. Ní ìparí, ìdáhùn ni kó ṣáájú, kí ìdí tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ewu tó wà níbẹ̀.

Àwa olùdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò