Àkànní, fi sánpépà yẹn sílẹ̀

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí fọ́tò ọ̀bẹ kíká tí o mú nínú àpótí irin bàbá mi nígbà Iléyá. Ibi tí o ti kọ ọ́ pé o fẹ́ fi sánpépà họ ọ́ kí o tó gbé e fún ẹni tó fẹ́ rà á ni àyà mi ti já.

Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Mo gbé agogo ọwọ́ tí ìyá mi fún mi fún ọkùnrin kan tó ń tún agogo ṣe, mo ní kó bá mi fọ̀ ọ́. Ó ń dán bíi dígí nígbà tí mo padà gbà á, àmọ́ orúkọ ìyá mi tí wọ́n fín sẹ́yìn rẹ̀ ti pa rẹ́. Mi ò lè bá a jà. Ṣé mo sọ fún un ni?

Ìdí ojú ọ̀bẹ, níbi tó ti wọnú èkù, ni kí o wò. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe é máa ń lu orúkọ wọn sí, àti ìlú wọn: Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Solingen ní Jámánì. Èyí jọ ti ológun lójú mi. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, wá ọfà kékeré kan tó dà bí ẹsẹ̀ adìyẹ. Àmì pé ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni, ọdún tí wọ́n ṣe é sì sábà máa ń wà nítòsí rẹ̀. Kán epo másíìnì ìránṣọ sí i, jẹ́ kó di ọjọ́ kejì, kí o rọra fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó nù ún. Ẹ̀gbẹ́ ni kí o ti tan tọ́ọ̀ṣì sí i, lẹ́tà á yọ. Ìdógùn-ún pupa nìkan ni kí o mú kúrò. Dúdú ara irin yẹn, má fọwọ́ kàn án.

Irin ṣóńṣó ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń yà ọ́ lẹ́nu, okùn ni wọ́n fi ń tú. Bàbá mi máa ń tì í bọ àárín kókó okùn àpò kòkó, á yí i lẹ́ẹ̀kan, okùn á dẹ̀. Ojú ọ̀bẹ ló fi ń bó ọsàn. Èèpo rẹ̀ kì í já, èmi ni mo máa ń gbé e kọ́ ọrùn.

Ọ̀rọ̀ tí o kọ pé ogun Bọ́mà ni bàbá mi ti mú ọ̀bẹ náà bọ̀ ńkọ́? Rọra. Òótọ́ ni pé bàbá lọ. Bárékè Letmauk tí o ń kọjá ní Mọ́kọ́lá, orúkọ ibi kan lọ́hùn-ún ni. Ṣùgbọ́n 1945 ni ogun Hítílà parí. Tí o bá rí 1943 tàbí 1944, ọ̀rọ̀ tí gbogbo ilé ń sọ dúró. Tó bá jẹ́ 1952, a jẹ́ pé ẹ̀yìn tó dé ló tó ní in. Kò dín in kù lójú mi. Àmọ́ má pè é ní ọ̀bẹ Bọ́mà fún oníbàárà rẹ kí o tó rí ọdún náà. Má fi orúkọ bàbá mi pa irọ́ gbowó. Èmi sì ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, kì í ṣe Bàbá Kékeré. Ó ti ń sọ ìtàn ọ̀bẹ yẹn kí wọ́n tó bí ọ.

Tí o bá ń bọ̀ ní Sátidé, fi aṣọ wé e sísàlẹ̀ báàgì. Má fi sápò ṣòkòtò, ọlọ́pàá pọ̀ lójú ọ̀nà Èkó. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣí i lẹ́ẹ̀kan kí o tó tà á, tí o bá ṣì fẹ́ tà á.

Èmi ni,
Ìyá rẹ,
Bẹẹrẹ, Ìbàdàn.