Pátákó Oníṣó fún Màámi

Leeds, ọjọ́ Àìkú

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ara mi le, òtútù nìkan ló ń bá wa fínra.

Mo gbọ́ pé ẹ gbá ṣíbí dànù lọ́wọ́ ìyàwó wa nígbà tó fẹ́ bọ́ yín. Mi ò dá yín lẹ́bi. Ẹni tó bọ́ ọmọ mẹ́fà yó!

Ìyá arúgbó kan wà tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́ mi níbí, àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú òun náà lápá kan bíi tiyín. Ọwọ́ kan ló fi ń bó ànàmọ́. Pátákó kan ló ní tí ẹnu ìṣó mẹ́ta yọ sókè lára rẹ̀: á gún ànàmọ́ mọ́ ọn, kò ní lè yí mọ́, á wá máa bó o jẹ́jẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ewùrà ìkọ́kọrẹ́ yín ló sọ sí mi lọ́kàn. Káfíńtà ẹ̀yìnkùlé wa lè kàn án kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Ẹ ní kó lo ìṣó tí kì í dípẹtà, kó lẹ rọ́bà mọ́ abẹ́ pátákó kó má baà máa yọ̀. Agolo tí ẹ fi ń rin ewùrà náà, kó kàn án mọ́ igi, kó so igi mọ́ tábìlì.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: ẹ ò lè fi ọwọ́ òsì se oúnjẹ fún èèyàn. Màámi, ta ló máa bi yín?

Ti ọ̀pá ìtilẹ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ̀bi mi ni. Mi ò mọ gíga yín kí n tó rà á, òun ló jẹ́ kí èjìká máa dùn yín. Ẹ wọ bàtà, ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí apá yín rọ̀ sísàlẹ̀. Ọrùn ọwọ́ ni orí ọ̀pá gbọ́dọ̀ mọ. Àbúrò mi lè tẹ bọ́tìnnì ara rẹ̀ kó dín in kù. Ọwọ́ òsì tó lágbára ni kẹ́ ẹ fi dì í mú, kì í ṣe apá tó rọ. Tí rọ́bà ìdí rẹ̀ bá ti jẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ o, torí ilẹ̀ balùwẹ̀ yẹn.

Níbí, ìjọba ìbílẹ̀ ló fún ìyá yẹn ní ọ̀pá tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ni mo máa ń wọ ẹ̀wù fún un láràárọ̀: apá tó rọ la ń kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́, òun la ń yọ kẹ́yìn. Ẹ sọ fún ìyàwó wa, kó yéé fa bùbá yín. Ó máa ń ká mi lára, Màámi, pé ìyá oníyàá ni mò ń wọṣọ fún.

Ṣíbí onídìí ńlá wà nínú páálí tó ń bọ̀. Kó tó dé, ẹ jẹ́ kí wọ́n wé rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ mọ́ ìdí ṣíbí yín, kẹ́ ẹ tẹ́ tówẹ̀lì tútù sábẹ́ àwo.

Tí ìkọ́kọrẹ́ náà bá jinná, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Tí iyọ̀ ò bá tó, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ fi sí i.

Èmi ni,
Ọmọ yín obìnrin àgbà