Àbẹ̀kẹ́, Má Da Oúnjẹ Àná Nù

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ara ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo dé ibi tí o ti ń ka ohun tó wà nínú fíríìjì rẹ fún mi: búrẹ́dì tó ti le, ìrẹsì àná, pòtétò sísè mélòó kan, ààbọ̀ àlùbọ́sà, tòmátì tó ti ń rọ̀, ẹyin, àti wàrà tó kù sí ìdí páálí. O wá ní kò sí nǹkan kan tí èèyàn lè jẹ nílé. Háà, Àbẹ̀kẹ́! Oúnjẹ ló kún ilé yẹn. Kò kàn sí èyí tó pọ̀ tó láti dá dúró nínú wọn ni.

O ní àwọn ọ̀rẹ́ rẹ méjì ń bọ̀ ní Sátidé, owó oṣù ò sì tíì wọlé. Má pè wọ́n wá jẹun àárọ̀, má sì pè wọ́n wá jẹun ọ̀sán. Ní kí wọ́n wá ní ìyálẹ̀ta, bí agogo mọ́kànlá. Ẹni tó bá jẹun yó nígbà yẹn kò ní wá oúnjẹ mìíràn títí ilẹ̀ á fi máa ṣú lọ. Ìdáná ẹ̀ẹ̀kan ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe.

Kí o tó tan iná, kó gbogbo rẹ̀ jáde sórí tábìlì, kí o pín iṣẹ́ fún wọn. O nílò èyí tó máa kún ikùn, ìyẹn búrẹ́dì, ìrẹsì tàbí pòtétò. O nílò èyí tó máa so wọ́n pọ̀, ẹyin sì nìyẹn, kò sí ohun tó tún dà bí i rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èyí tó máa ta ahọ́n jí: àlùbọ́sà, ata, fínígà ìdajì ṣíbí tàbí omi ọsàn kíkan. Ẹ̀kẹta yìí làwọn èèyàn máa ń fò, wọ́n á wá máa da iyọ̀ sí i lódindi, wọ́n á ní oúnjẹ àná kò ládùn.

Èmi á fi búrẹ́dì ṣe olórí. Má banú jẹ́ pé ó ti le. Búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò wúlò fún iṣẹ́ yìí, ńṣe ló máa rà mọ́ ara wọn. Èyí tó le ló ń mu ẹyin àti wàrà yó tí ìrísí rẹ̀ kò sì ní fọ́. Fún ẹ̀yin mẹ́ta, ya nǹkan bí i gíráàmù 250 sí wẹ́wẹ́, kó tó ìbú ìka méjì-méjì. Po ẹyin 4 pọ̀ mọ́ wàrà mílílítà 350, fi iyọ̀ àti ata sí i. Bí wàrà ò bá tó, fi omi lé e, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Da á sórí búrẹ́dì náà, fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ díẹ̀, kí o fi í sílẹ̀ fún bí i 30 ìṣẹ́jú. O tiẹ̀ lè ṣe é lálẹ́ Fráídè kó sun inú fíríìjì mọ́jú, ìyẹn dùn jù lójú mi.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ sí nìyí: omi ni ọ̀tá oúnjẹ yìí. Tòmátì rọ̀, omi ló kún inú rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí a ti sè tẹ́lẹ̀, omi. Kárọ́ọ̀tì sísè, omi náà ni. Tí o bá da gbogbo wọn lu ẹyin bẹ́ẹ̀, oúnjẹ á máa sun omi sí ìdí abọ́, ẹyin á sì dì gátagàta lójú ara rẹ̀. Nítorí náà, fi òróró díẹ̀ dín àlùbọ́sà lákọ̀ọ́kọ́ títí á fi rọ̀ tí etí rẹ̀ á fi máa pọ́n. Da tòmátì tó o ti gé sí i, má dé e, máa rò ó títí omi á fi gbẹ tí òróró á sì yọ síta. Jẹ́ kó tutù díẹ̀ kí o tó pò ó mọ́ búrẹ́dì. Ẹran díẹ̀ tàbí wàràkàṣì tó kù lápá kan, àkókò yìí ni kí o fi í sí i. Díẹ̀ o! Má sọ ọ́ di ibi tí a ń kó ìdọ̀tí fíríìjì sí; ohun mẹ́rin tó bára mu dára ju mẹ́sàn-án tó ń bára wọn jà.

Gbé e sínú ófùn tó wà ní 180°C fún bí i 35 sí 40 ìṣẹ́jú. Ki ọ̀bẹ bọ àárín rẹ̀. Bí ẹyin tútù ò bá tẹ̀ lé ọ̀bẹ jáde, ó ti jinná. Tí kò bá sí ófùn, páànù tí ìdí rẹ̀ nípọn, iná kékeré, kí o dé e pa fún bí i 25 ìṣẹ́jú. Ojú rẹ̀ kò ní pọ́n, àmọ́ ìdí rẹ̀ á pọ́n dáadáa. Ìwọ ṣáà dà á dojú dé sínú àwo.

Pòtétò rọrùn. Gé e nígbà tó ṣì tutù, fi aṣọ mímọ́ nu omi ara rẹ̀, dà á sínú òróró gbígbóná, kí o má sì fọwọ́ kàn án títí ẹ̀gbẹ́ kan á fi gbẹ tó pọ́n. Ẹni tó bá ń rò ó ṣáá kò ní jẹ èyí tó ń ró kàràkàrà lẹ́nu.

Ìrẹsì yẹn ni mo fẹ́ bi ọ́ léèrè. Inú ìkòkò ló sùn sí lórí tábìlì ni, àbí inú fíríìjì? Bí ó bá sun ìta mọ́jú, dà á nù, má ṣàánú rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus; irúgbìn rẹ̀ kì í kú nínú omi gbígbóná tí a fi se ìrẹsì, ìrẹsì tó bá sì wà níta pẹ́ á jẹ́ kó hù. Májèlé tó ń tú sílẹ̀, gbígbé e kaná kò lè pa á. Kí ìrẹsì sísè má lò ju wákàtí 2 lọ níta, kí fíríìjì sì wà ní 5°C tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Búrẹ́dì tó bu náà ńkọ́? Má gé ibi tó bu kúrò kí o jẹ ìyókù, èbu a máa ta gbòǹgbò wọ ibi tójú ò rí. Òfin tèmi le lórí èyí: owó tí a fi pamọ́ lórí oúnjẹ kò gbọdọ̀ di owó oògùn.

Má rò pé ìwọ nìkan lò ń da oúnjẹ nù. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2022, oúnjẹ tó lé ní bílíọ̀nù 1 tọ́ọ̀nù ló ṣòfò láyé, àti pé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, inú ilé àwa èèyàn ló ti bàjẹ́. Èyí yà mí lẹ́nu, ilé oúnjẹ àti ilé ìtajà ni mo ti ń nàka sí látọjọ́ yìí.

Ṣé o tiẹ̀ ní ófùn níbẹ̀? O ò dárúkọ rẹ̀. Tètè dá mi lóhùn kí Sátidé tó dé. Kí o sì jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fọ abọ́, ìwọ lo dáná.

Tìrẹ ni,
Àjọkẹ́